Gíláàsì Tí Ìyá Ìbejì Fọ̀

Orin ni Ìyá Ìbejì fi ń jí, orin ló fi ń sùn. Bí abẹ́rẹ́ bá gún un, á fi kọrin. Bí ọmọ ará ilé kejì bá hu eyín, kí ilẹ̀ tó ṣú, orin eyín ọ̀hún á ti dé ẹnu gbogbo àdúgbò. Aránṣọ ni. Ẹ̀yìn fèrèsé tó kọjú sí ìta ló gbé ẹ̀rọ ìránṣọ rẹ̀ sí. Bí ẹsẹ̀ rẹ̀ bá ṣe ń tẹ ẹ̀rọ ni ẹnu rẹ̀ ń bá a lọ, kẹ́kẹ́kẹ́ nísàlẹ̀, orin lókè. Rewáyà, ọkùnrin tó ń tún iná ọkọ̀ ṣe ní ìkángun àdúgbò, ra bàtà tuntun nígbà kan, ó fi fáàrí wọ inú ọ̀gọ̀dọ̀ omi. Ẹ gbọ́ orin tó gbà:

"Bàtà Rewáyà dán bíi dígí,
Ọ̀gọ̀dọ̀ rí i, ó lóun ń fẹ́ ẹ,
Ọ̀gọ̀dọ̀ gbé e mì, ó ku okùn!"

Títí tí bàtà náà fi gbó ni àwọn ọmọdé ń kọ ọ́ tẹ̀ lé e.

Ṣùgbọ́n láti ìgbà tí àìsàn ti mú ọkọ rẹ̀ lápá òsì, orin ẹnu Ìyá Ìbejì kì í dénú mọ́. Awakọ̀ ni Bàbá Ìbejì. Ọkọ̀ tó fi ń gbé èrò dàgbà ju àwọn ìbejì tó bí lọ, bẹ́ẹ̀ àwọn yẹn ti wà nílé ọkọ. Àárọ̀ ọjọ́ kan ló fẹ́ di bọ́tìnnì ẹ̀wù, ọwọ́ òsì kọ̀, ẹnu wọ́. Nígbà tí wọ́n máa fi ti ọsibítù dé, ẹnu ti tọ́, ẹsẹ̀ ti ń gbé ara rẹ̀, àmọ́ ọwọ́ ń fì dirodiro bí apá ẹ̀wù tí wọ́n sá sórí okùn.

Nọ́ọ̀sì ti sọ fún un pé, "Bàbá, ọwọ́ tí ẹ kò bá rán níṣẹ́ á gbàgbé iṣẹ́ o." Ó fún un ní bọ́ọ̀lù rọ́bà kan pé kó máa fi ọwọ́ òsì tẹ̀ ẹ́. Bàbá Ìbejì ní òun kì í ṣe ọmọ ọwọ́, ó sọ bọ́ọ̀lù sábẹ́ àga. Ìyàwó rẹ̀ wò ó. Ó mọ̀ pé bí ọwọ́ yẹn kò bá padà, ọkọ̀ kò ní padà sí títì, àti pé ọkùnrin yìí kò mọ bí wọ́n ṣe ń jókòó sílé.

Ọkọ̀ ló wá ń lọ jókòó sí. Láràárọ̀, bí ẹ̀rọ ìránṣọ bá ti bẹ̀rẹ̀ sí í dún, á wọ́ ẹsẹ̀ lọ síbi tí ọkọ̀ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé, á wọlé sídìí ìtọ́kọ̀, á pa ilẹ̀kùn dé.

"Kí lẹ máa ń ṣe níbẹ̀ ná?"

"Mò ń gbatẹ́gùn."

Atẹ́gùn! Nínú ọkọ̀ tí gbogbo gíláàsì rẹ̀ wà ní pípadé.

Ní àárọ̀ ọjọ́ kan, Ìyá Ìbejì wá ṣọ́ọ̀kì tó fi ń fàlà sára aṣọ, kò rí i. Ó ti ń sọ nù lemọ́lemọ́, ó sì ti bú gbogbo eku inú ilé tìyátìyá. Ó ní kí òun bi ọkọ òun bóyá ó rí i. Bó ṣe yọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé, ó dúró gbagidi. Bàbá Ìbejì gbé ọwọ́ òsì lé irin tí wọ́n fi ń yí gíláàsì wálẹ̀. Ó deyín mọ́ra, òógùn ń ṣàn lójú rẹ̀ bí ẹni tí òjò pa, irin kò mira. Ìyá Ìbejì fi ẹ̀yìn rìn padà. Àánú gbá a láyà. Ooru ń sè é nínú ọkọ̀, kò sì lè ṣí fèrèsé fún ara rẹ̀!

Ilé Rewáyà ló gbà lọ.

"O kú iṣẹ́ o, ọlọ́bàtà ẹrẹ̀."

"Ìyá Ìbejì, bí ẹ bá tún fi mí kọrin, màá fi wáyà rán yín lẹ́nu."

"Fi wáyà sílẹ̀ fún ilẹ̀kùn ọkọ̀ Bàbá Ìbejì. Wọ́n ní ọkọ̀ ayé òde òní, ìka kan ni wọ́n fi ń sọ gíláàsì kalẹ̀. Ṣé ògbólógbòó tiwa lè ṣe bẹ́ẹ̀?"

"Ó lè ṣe é dáadáa. Màá tú inú ilẹ̀kùn, màá yọ irin tó ń gbé gíláàsì, màá fi èyí tó ń lo iná síbẹ̀, màá fa wáyà lọ bá bátìrì." Ó họ orí. "Ṣùgbọ́n kí ló dé tí wọn ò na ọwọ́ ọ̀tún kọjá, kí wọ́n fi yí i?"

"Agídí ni. Ṣé o ò mọ̀ wọ́n ni?"

Ì bá dúró ro ìbéèrè yẹn wò. Kò dúró.

Ọjọ́ tí Bàbá Ìbejì lọ kí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin ni Rewáyà gbé àpótí irinṣẹ́ dé. Ó fi igi kékeré há gíláàsì kó má baà já wọnú ilẹ̀kùn. Ó yọ irin àtijọ́, gíríìsì ara rẹ̀ ti gan bí ẹ̀kọ́ àná. Ó gba ihò ẹ̀gbẹ́ ilẹ̀kùn fa wáyà, ó fi rọ́bà wọ̀ ọ́ lára kí ilẹ̀kùn má baà máa gé e bí wọ́n bá ń ṣí i. Ilẹ̀kùn awakọ̀ ló fi bẹ̀rẹ̀, lẹ́yìn náà ó bọ́ sí ẹ̀gbẹ́ kejì.

Ìyá Ìbejì kò fẹ́ jókòó lásán, ó gbé omi ọṣẹ wá, ó ń fọ gíláàsì. Ó rí àwọn ìlà funfun tẹ́ẹ́rẹ́ lójú ti awakọ̀, wọ́n gun ara wọn láti ìsàlẹ̀ bọ̀ bí àkàbà, èyí tó ga jù fẹ́rẹ̀ẹ́ dé àárín.

"Ẹ wo ìdọ̀tí!" ló wí, ó ń fi orin fọ̀ ọ́. Nǹkan funfun náà yọ̀ mọ́ ọn níka. Ọjọ́ ayé rẹ̀ gbogbo ló ti ń fọwọ́ kan irú rẹ̀, ṣùgbọ́n ẹnu rẹ̀ wà nínú orin, ọkàn rẹ̀ kò sí lọ́wọ́ rẹ̀.

Nígbà tí Bàbá Ìbejì dé, Ìyá Ìbejì mú un lọ sídìí ọkọ̀ bí ẹni mú ìyàwó tuntun. "Ẹ tẹ ibí yìí, olówó orí mi. Ìka kan péré!"

Ó tẹ̀ ẹ́. Gíláàsì kùn wùùù, ó wọlẹ̀ lọ. Ìyá Ìbejì pàtẹ́wọ́. Ọkọ rẹ̀ tẹ̀ ẹ́ padà, gíláàsì gòkè wá, ó mọ́ fóò. Ó wò ó, ó tún un wò.

"Ta ló fọ gíláàsì?"

"Èmi ni. Ó dọ̀tí!"

Ó mú ìka kúrò níbẹ̀. Ó wọlé, ó kọjú sí ògiri, ó ní ebi kò pa òun.

Láti ọjọ́ yẹn, kò lọ sídìí ọkọ̀ mọ́. Bó bá jí, orí àga ló ń gbà lọ, ọwọ́ òsì á wà lórí itan rẹ̀ bí ẹrù tí wọ́n fi pamọ́ sí i lọ́wọ́. Ìyá Ìbejì bi í léèrè títí, ó ní kò sí nǹkan. Orin gan-an gbẹ lẹ́nu obìnrin náà.

Ìgbà tó fẹ́ fọ ẹ̀wù tí ọkọ rẹ̀ máa ń wọ̀ lọ sínú ọkọ̀ ló ki ọwọ́ bọ àpò. Ohun tó bá níbẹ̀ ni ṣọ́ọ̀kì rẹ̀, ó ti jẹ tán, ó ku bí èékánná. Ó ń fi ìka yí i, ó yọ̀ mọ́ ọn lọ́wọ́, funfun. Ó jókòó sórí aṣọ tí ó fẹ́ fọ̀.

Nígbà tó lè dìde, ó gbé ṣọ́ọ̀kì náà lọ bá a. "Kí ló dé tí ẹ ò sọ fún mi?"

"Kí n sọ fún ẹ kí o fi kọrin?" Bàbá Ìbejì kò pariwo, ìyẹn ló dùn ún jù. "Bàtà lásán wọ ọ̀gọ̀dọ̀, ayé gbọ́. Gbogbo àdúgbò ì bá ti jó kí ọwọ́ mi tó gbéra. Bí kò bá wá gbéra mọ́ ńkọ́? Ṣé ìwọ lo máa lọ gba orin náà padà lẹ́nu wọn?" Ó wo ọwọ́ rẹ̀. "Ibi tí mo bá yí i dé, níbi tí gíláàsì ti wọ ilẹ̀kùn, ni mo ń fàlà sí, kí n tó fi ọwọ́ ọ̀tún yí i padà. Mo ti fẹ́rẹ̀ẹ́ dé àárín. Mo ní ọjọ́ tí gíláàsì bá wọlẹ̀ tán, màá tẹ họ́ọ̀nù, wàá jáde wá, màá gbé ẹ jáde."

Ìyá Ìbejì so ṣọ́ọ̀kì náà mọ́ etí aṣọ rẹ̀.

Ó lọ bá Rewáyà. Irin àtijọ́ náà ṣì wà nínú agolo epo, ṣùgbọ́n ọwọ́ tí wọ́n fi ń yí i, Rewáyà ti dè é mọ́ ọmọrí àpótí irinṣẹ́ rẹ̀, ó fi ń ṣí i.

"Ó mà yẹ àpótí mi o, Ìyá Ìbejì!"

"Yọ ọ́. Bí o bá ṣe bá ilẹ̀kùn awakọ̀ ni kó o ṣe dá a padà."

Ó fẹ́ ṣàwàdà. Ó wo ojú obìnrin náà, ó mú irinṣẹ́.

Ní àárọ̀ ọjọ́ kejì tí irin àtijọ́ ti padà sí ilẹ̀kùn, Bàbá Ìbejì wọ́ ẹsẹ̀ lọ sídìí ọkọ̀. Ìyá Ìbejì jókòó sílé, ó káwọ́ lẹ́rán, ó ń bẹ̀rù kí ẹsẹ̀ òun má kan ẹ̀rọ. Ó pẹ́ díẹ̀, ó gbọ́ ohùn rẹ̀.

"Ìyá Ìbejì!"

Ó sáré jáde. Ọwọ́ òsì ń yọ̀ bọ́ lórí irin. Ìsinmi ti sọ ọ́ di ọ̀lẹ.

"Kí ló dé tí ẹ̀rọ kò dún?"

"Mo ní kí n má baà dí yín lọ́wọ́."

"Ẹ̀rọ ẹ àti orin ẹ ni mo fi ń yí i. Ibi tí o bá ti mí ni mo ti ń sinmi. Lọ jókòó. Má sì wò mí."

"Orin wo ni kí n kọ?"

"Èyíkéyìí tí kò bá ti dárúkọ mi."

Ó na ṣọ́ọ̀kì sí i. Bàbá Ìbejì fi ọwọ́ ọ̀tún gbà á, ó fi sápò àyà.

Ìyá Ìbejì wọlé. Ó mọ ojú ara rẹ̀ pé kò ṣeé gbẹ́kẹ̀ lé, ó bá gbé ẹ̀rọ yípo, ó kọjú rẹ̀ sí ògiri. Kò tilẹ̀ sí aṣọ lábẹ́ abẹ́rẹ́. Ó tẹ ẹsẹ̀ mọ́lẹ̀. Nínú gbogbo orin tó wà nínú rẹ̀, ti bàtà Rewáyà nìkan ló dáhùn, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í kọ ọ́.

"Ẹ tún ti bẹ̀rẹ̀!" Rewáyà pariwo láti ojú títì.

Lábẹ́ orin, lábẹ́ kẹ́kẹ́kẹ́ ẹ̀rọ, Ìyá Ìbejì gbọ́ tí irin han lẹ́ẹ̀kan lóde. Kò gbọ́ ìkejì. Ó wù ú kó dákẹ́, kó tẹ́tí sí i bóyá irin tún máa han. Ṣùgbọ́n bó bá dákẹ́, ọwọ́ á dúró. Ó mí kékeré, ó dá ọ̀gọ̀dọ̀ padà sórí bàtà, ó ń kọ ọ́ lọ, omi ń bọ́ lójú rẹ̀ sórí igi ẹ̀rọ, kò yíjú padà.