Ìgèrè Tó Wà Lókè Ààrò

Ọjọ́ mẹ́ta ló kù kí Mákánjú fi ìwé ránṣẹ́ sí Àbújá láti gba pátẹ́ǹtì, ìwé ẹ̀tọ́ tí kò ní í jẹ́ kí ẹlòmíì máa ṣe ìgèrè akàn rẹ̀ tà. Ọdún méjì ló fi ro ìgèrè náà. Àgbọn gbígbẹ kan ló so mọ́ ilẹ̀kùn rẹ̀. Bí omi ọ̀sà bá ń kún, àgbọn á léfòó, á fa ilẹ̀kùn dé mọ́ akàn nínú.

"Ta ló ti ṣe irú ẹ̀ rí?" Bùsọ́lá, agbẹjọ́rò rẹ̀ ní Ìjànikin, ló bi í bẹ́ẹ̀.

"Kò sí, Àǹtí."

"Ta lo bi?"

Mákánjú wo àjà. Íńtánẹ́ẹ̀tì nìkan ló bi.

"Íńtánẹ́ẹ̀tì kì í dẹ akàn. Lọ bi àwọn àgbà etí omi. Má sì fi tìẹ hàn wọ́n o. Etí nìkan ni kó o gbé lọ."

Ló bá lọ bá Ìyá Dosi, ìyá Ẹ̀gùn kan ní Ibereko, ẹni tó ti ń yan ẹja tà kí wọ́n tó bí bàbá Mákánjú.

"Màmá, ǹjẹ́ ẹ ti rí ìgèrè tó ń ti ilẹ̀kùn ara rẹ̀ rí?"

Ìyá náà rẹ́rìn-ín, ó fi igi iná tọ́ka sókè. Ìgèrè kan rọ̀ lókè ààrò, ó dúdú bí ìdí ìkòkò, àgbọn gbígbẹ so mọ́ ilẹ̀kùn rẹ̀.

"Ti bàbá Dosi ni. Èéfín ni kì í jẹ́ kí kòkòrò jẹ ẹ́. Gbogbo etí omi yìí ló ń dẹ irú ẹ̀ nígbà náà. Vi ṣie, ọmọ mi, kí ló dé tójú ẹ rọ bí ẹja àná?"

"Kí ló dé tí wọn ò dẹ ẹ́ mọ́?" ni Mákánjú bi í.

"Bí omi bá fà, àgbọn á wálẹ̀, ilẹ̀kùn á ṣí, akàn á ní ó dàbọ̀. Àfi kéèyàn tètè jí ju akàn lọ. Ọkọ mi sì fẹ́ràn oorun!"

Mákánjú la ẹnu. Ìkọ́ wáyà kan wà lára tirẹ̀, tó ń gbá ilẹ̀kùn mú bó bá ti pa dé. Omi ìbáà fà, kò ní í ṣí. Ó rántí ìkìlọ̀ Bùsọ́lá, ó pa ẹnu dé.

"Àbí eegun ẹja há ọ lọ́fun ni?"

"Rárá, Màmá. Ẹ ṣeun."

Ó padà sọ fún Bùsọ́lá.

"Wọ́n ṣì lè fún ẹ níwèé náà," ni Bùsọ́lá wí. "Wọn kì í wá wo òkè ààrò ẹnikẹ́ni. Ṣùgbọ́n ọjọ́ tó o bá pe ẹnì kan lẹ́jọ́, wọ́n á gbé ìgèrè yẹn wọ kóòtù tòun tèéfín rẹ̀. Ohun táyé ti lò ní gbangba kì í ṣe tuntun mọ́."

"Ìkọ́ ńkọ́?"

"Màmá rí i?"

"Wọn ò rí i. Èmi àtẹ̀yin nìkan la mọ̀ ọ́n."

Bùsọ́lá ti bírò sí i. Ojú ìwé mọ́kànlá ni Mákánjú ti kọ. Ó fagi lé àgbọn, ó fagi lé omi tó ń kún, ó kọ ọ́ sókè pé ìwọ̀nyí ti wà ní Ibereko tipẹ́. Ìpínrọ̀ kan ṣoṣo ló kù, ti ìkọ́ náà.

"Ìkọ́ lásán," ló kùn.

"Ìkọ́ tí akàn ò lè já," ni Bùsọ́lá dáhùn. "Buwọ́ lù ú."