Olú Ìlú Bùrúńdì

...àbí kí n má fi ránṣẹ́ mọ́? Fọ́ọ̀mù náà ti kún. Orúkọ: Tọ̀yíbà Tìjání. Ọjọ́ orí: ọgbọ̀n ọdún dín ẹyọ kan. Iṣẹ́ tí mo ń wá: aṣojú orílẹ̀-èdè nílẹ̀ òkèèrè. Bọ́tìnì kan péré ló kù kí n tẹ̀ lórí fóònù. Òní ló sì kẹ́yìn. Ọdún kẹrin rèé. Wọ́n tiẹ̀ pè mí dé Àbújá lẹ́ẹ̀kan, mo ṣe ìdánwò, wọ́n ní kí n máa retí lẹ́tà... mo ṣì ń retí.

Ṣọ́ọ̀bù Bàbá nìyí, lọ́jà Òkìtìpupa, èmi àti kẹ́ẹ̀gì epo pupa. Bàbá ti lọ kírun Ásárì. "Bá mi wo ọjà o, Áńbásẹ́dọ̀" — bí wọ́n ṣe ń pè mí nìyẹn, lójú gbogbo oníbàárà. Áńbásẹ́dọ̀ tó ń rọ epo sígò! Ojú a máa tì mí. Olúwakẹ́mi tá a jọ jáde ilé ìwé ti ń ṣe tíṣà l'Ódè-Ìrèlé. "Tọ̀yíbà, ayé ò dúró de ẹnì kan." Kò fi bú mi. Bóyá òótọ́ ló sọ.

Tí mo bá jáwọ́ ńkọ́? Ta ló máa sọ fún Bàbá?

Nítorí látìgbà tí mo ti bẹ̀rẹ̀, kò sí àárọ̀ tí wọn kì í bi mí ní ìbéèrè. Mo ń gbálẹ̀, wọ́n ń rin pákò. "Kí ni olú ìlú Sẹ̀nẹ̀gà?" Dákà. "Èdè wo ni wọ́n ń sọ ní Àǹgólà?" Potogí. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, wọ́n bi mí ti Bùrúńdì. Mo ní Bùjùmbúrà. Wọ́n rẹ́rìn-ín. "Ti àtijọ́ nìyẹn. Gìtégà ni báyìí."

Mo wá a wò. Gìtégà ni.

Bàbá tí ò mọ̀wé kà! Inú bí mi díẹ̀. Mo rò pé ṣe ni wọ́n ń wò ó bóyá mo ti ń gbàgbé, bóyá mo ti ń dọ̀lẹ...

Àfi lọ́sàn-án yìí tí Hàwáù àbúrò mi gbé púpurú wá. Mo ní, ta ló ń kọ́ Bàbá ná? Ó bú sẹ́rìn-ín. "Èmi ni. Tí wọ́n bá ti kírun Mọ̀gàríbì tán, wọ́n á ní kí n ka orílẹ̀-èdè kan fún àwọn látorí fóònù. Ti olú ìlú kọ́ ló jẹ wọ́n lógún o. Ṣé òtútù pọ̀ níbẹ̀? Ṣé mọ́ṣáláṣí wà? Ṣé Tọ̀yíbà á rí púpurú jẹ? Tí mo bá ní rárá, wọ́n á ní ká fi ìyẹn sílẹ̀, ká ka òmíràn."

Ká ka òmíràn...

Ọdún mẹ́rin. Ọdún mẹ́rin ni Bàbá ti ń yí gbogbo ayé ká, tí wọ́n ń wá ibi tó máa gba ọmọ wọn dáadáa. Èmi ń pè é ní ìdánwò.

Mo tẹ̀ ẹ́. Ó lọ.

Kò sóhun tó yí padà. Epo ń rùn, ọ̀kadà ń pariwo. Bàbá ló ń bọ̀ lọ́ọ̀ọ́kán yẹn, wọ́n ń kí oníṣọ́ọ̀bù kọ̀ọ̀kan, wọn ò kánjú. Ìrìn wọn ti falẹ̀ — ìgbà wo ló falẹ̀ tó báyìí? Tí mo bá lọ, ta ni wọ́n á máa bi léèrè láàárọ̀?

Wọ́n mọ̀. Ó ti pẹ́ tí wọ́n ti mọ̀. Ẹ̀rù lẹ́tà tó máa mú mi lọ yẹn ń ba Bàbá mi... wọ́n sì ń bá mi dúró dè é.