Ìrẹsì Tó Gbọ́dọ̀ Sùn

Kúbúrátù kò tíì wọ ẹnu ọ̀nà ilé ìyá ọkọ rẹ̀ ní Ọ̀yọ́ tí òórùn náà fi pàdé rẹ̀: àlùbọ́sà àti irú nínú òróró gbígbóná, ṣúgà tó jó díẹ̀ lẹ́yìn wọn. Ẹsẹ̀ rẹ̀ kọ̀, kò lọ mọ́. Oṣù mẹ́rin àti ọjọ́ mẹ́wàá ló fi ṣe opó nílé ní Ògbómọ̀ṣọ́, gbogbo ọjọ́ Jímọ̀ lẹ́yìn ìrun ọ̀sán sì ni òórùn yìí kan náà ń gba ilé ìdáná rẹ̀ kan, bẹ́ẹ̀ ààrò tutù, ẹnikẹ́ni kò dáná. Ìbá sọ pé orí òun ni kò pé, àmọ́ Haneefah, ọmọ rẹ̀ ọlọ́dún méje, bi í lọ́jọ́ kan pé, "Ìyá mi, ta ló ń dín ìrẹsì Bàbá mi?" Ẹ̀rù tó bà á lọ́jọ́ náà kò tíì kúrò lára rẹ̀.

Israfil, bàbá Haneefah, ló ni ìrẹsì náà. Télọ̀ ni, àdúgbò Takie ní Ògbómọ̀ṣọ́ ni ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ wà. Nígbà tó lọ hájì ní ọdún 1984, ó dúró ránṣọ ní Jẹ́dà fún ọdún méjì, àwọn ará Indonéṣíà tí wọ́n jọ ń gbé yàrá ló sì kọ́ ọ ní oúnjẹ wọn. Nasi góréńgì ni wọ́n ń pè é. Ẹlòmíràn á ti Mẹ́kà mú eyín wúrà bọ̀. Ìrẹsì dídín ni Israfil mú bọ̀ ní tirẹ̀, ó sì ń fi yangàn ju eyín wúrà lọ. Kò rí omi dúdú tó ń dùn tí wọ́n máa ń dà sí i lọ́hùn-ún, ló bá ń jó ṣúgà dípò rẹ̀. Edé tí wọ́n gún tó sì kan, irú ló fi rọ́pò rẹ̀. Á wá gbé ẹyin díndín lé e lórí.

Ohun kan wà níbẹ̀ tí tọkọtaya náà nìkan mọ̀. Ìrẹsì náà gbọ́dọ̀ sùn. Ní alẹ́ Ọjọ́bọ̀ ni wọ́n ń sè é, wọ́n á tẹ́ ẹ sórí tíréè kó gbẹ mọ́jú. Israfil kò jẹ́ sọ èyí fún ìyá rẹ̀, torí ìyá náà kì í fẹnu kan oúnjẹ àná. Inú kúlà ló máa ń gbé e lọ fún un. Ìyá á jẹ, á ṣàdúrà, á ní ọmọ òun mọ oúnjẹ í sè.

Ní Ọjọ́bọ̀ tó ṣáájú Jímọ̀ tó kẹ́yìn ayé Israfil, Raliat, ẹ̀gbọ́n Kúbúrátù, sùn mọ́ wọn. Bó ṣe jí ló rí tíréè. "Kúbúrá, ìrẹsì àná lo fẹ́ fún ọkọ ẹ jẹ?" Ojú ti Kúbúrátù, ló bá da gbogbo rẹ̀ fún adìẹ. Israfil ti mọ́ṣáláṣí dé, ó wo àwọn adìẹ, ó wo ìyàwó rẹ̀. Ó mú àpò, ó ní òun ń lọ sí Ọ̀yọ́. Kò jẹun, kò ní ó dàbọ̀. Nírọ̀lẹ́, mọ́tò tó ń gbé e bọ̀ gbókìtì ní Odò Ọbà.

Àwọn tó mú àpò náà wá bá a nínú opó kò mọ ohun tó wà nínú rẹ̀: ìrẹsì tútù, kóńgò méjì, nínú ọ̀rá. Kúbúrátù kò lè sè é, kò sì lè fi tọrẹ. Lónìí, ọjọ́ Jímọ̀, ló fi Haneefah sọ́dọ̀ Raliat, tó gbé ìrẹsì náà wá fún ìyá ọkọ rẹ̀, kó lè kúrò nínú yàrá tí òun ń sùn. Ohun kan ṣoṣo ló sì fẹ́ mọ̀ láyé: ṣé ìbínú ni Israfil bá lọ?

"Wọlé, Ìyá Haneefah," ohùn kan wí láti ilé ìdáná. "Mo gbọ́ ìró ẹsẹ̀ ẹ."

Ó wọlé, ó kúnlẹ̀, ó gbé ọ̀rá ìrẹsì náà lé itan. "Ẹ kú ilé, mà. Ẹ kú ìdáná."

"O ti jáde opó?"

"Lọ́sẹ̀ yìí, mà."

"Alhamudulilahi. Wá wo nǹkan yìí bá mi." Ìyá arúgbó náà ń fi ṣíbí ro ìrẹsì tó ti lẹ̀ mọ́ra wọn. "Gbogbo Jímọ̀ ni mò ń dín in, bí wọ́n bá ti kírun tán. Mo fi irú sí i, mo jó ṣúgà. Kì í rí bíi tiẹ̀. Ìwọ tẹ́ ẹ jọ ń sè é, kí ló kù?"

Gbogbo Jímọ̀, bí wọ́n bá ti kírun tán. Kúbúrátù wá mọ ibi tí òórùn ilé ìdáná rẹ̀ ti ń wá. Irọ́ ti wà lórí ahọ́n rẹ̀ nílẹ̀. Ó kàn lè ní ata ni kò tó, kó mu omi, kó máa lọ. Àmọ́ Ìyá bu ìrẹsì sẹ́nu, ó jẹ ẹ́ díẹ̀, ó dúró.

"Mo ti ń gbàgbé bó ṣe ń rí lẹ́nu," ni Ìyá wí.

"Ó gbọ́dọ̀ sùn ni, mà," Kúbúrátù dáhùn. "Ìrẹsì àná ni. Ẹ̀rù ń ba ọmọ yín láti sọ fún yín. Èyí tó sùn lọ́jọ́ yẹn, mo dà á fún adìẹ. Ebi àti ìbínú ló gbé wá bá yín. Èmi ni mo mú un bínú." Ó ti ń sunkún kó tó sọ ọ́ tán.

Ìyá sọ agbada kalẹ̀ lórí iná.

"Mo ní kó sùn sọ́dọ̀ mi, ó ní rárá. Ó ní òun máa gba ọjà Àkẹ̀sán kọjá ra ìrẹsì, pé bẹ́ ẹ bá sè é lálẹ́ yẹn, á ṣeé jẹ lọ́jọ́ kejì. Mo ní irú ìrẹsì wo ló ń tó ọjọ́ kejì kó tó ṣeé jẹ? Ẹ̀rín ló fi mí rín."

Kúbúrátù wo ọ̀rá tó wà lórí itan rẹ̀. Israfil kò bínú. Ká ní ó bínú ni, ìbá sùn sọ́dọ̀ ìyá rẹ̀, ilẹ̀ ìbá sì mọ́ bá a. Kúbúrátù kò lè sọ èyí jáde lẹ́nu, ó sì rí i lójú Ìyá pé òun náà ti rò ó débẹ̀.

Ìyá nawọ́ gba ọ̀rá náà. "Gbé omi kaná."

Wọ́n sè é. Wọ́n tẹ́ ẹ sórí tíréè lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé, oòrùn ìrọ̀lẹ́ ṣì wà lára ògiri.

"O ò ní padà lónìí," ni Ìyá wí.

"Rárá, mà."

Ìrẹsì náà ń rú èéfín díẹ̀díẹ̀. Wọ́n jókòó tì í, wọ́n ń dúró dè é kó tutù.