Ilé Tí Kò Sí Nínú Fọ́tò

"Kò tún so." Comfort yí ojú kọ̀ǹpútà sí ọkọ rẹ̀. "Ẹ wò ó fúnra yín, Bàbá Favour."

Sagbo wò ó. Fọ́tò mẹ́jọ ló yà láàárọ̀ lórí èbúté, tó ń yí kámẹ́rà díẹ̀díẹ̀, kí kọ̀ǹpútà lè lẹ̀ wọ́n pọ̀ di fọ́tò gbọọrọ kan, tí gbogbo abúlé wọn ní Topo yóò hàn nínú rẹ̀. Mẹ́rin so lápá òsì, mẹ́rin lápá ọ̀tún. Àárín ṣófo.

"Aago méjì ni lọ́yà wa ń wọ kóòtù," ni Comfort wí. "Àwọn tó fẹ́ gba ilẹ̀ wa ní kò sẹ́ni tó ń gbé láàárín yẹn. Ṣé èyí la fẹ́ fi já wọn nírọ́?"

"Fún un láyè."

"Láyè kẹ̀? Ẹ̀yin lẹ kọ́ mi pé etí fọ́tò kan gbọ́dọ̀ gun èkejì kí wọ́n tó lè so. Etí ìkẹrin tó yẹ kó gun ìkarùn-ún dà?"

"Mo fo ilé kan," ni Sagbo wí. Ilé Dosi, ẹ̀gbọ́n rẹ̀, ló wà níbẹ̀. Ọdún mọ́kànlá sẹ́yìn ni Dosi ta ọkọ̀ ìpẹja bàbá wọn láìsọ fún un. Láti ìgbà náà, Sagbo kì í wojú ilé yẹn. Láàárọ̀, ó yí kámẹ́rà kọjá rẹ̀ ni.

Comfort pàtẹ́wọ́. "Nítorí ọkọ̀ tó ti jẹrà!"

"Kò bẹ̀ mí."

"Katakata tó ń wó ilé á wá bẹ̀ yín lọ́la."

Sagbo gbé kámẹ́rà, ó sáré padà sí èbúté. Oòrùn ti yí, fọ́tò tuntun kò ní bá ti àárọ̀ mu. Gbogbo rẹ̀ ló gbọ́dọ̀ tún yà. Nígbà tó kan ilé Dosi, ó rí i pé yàrá kan ti wó, tapólì ni wọ́n fi bò ó. Dosi jókòó síwájú ilé, ó ń tún àwọ̀n ṣe. Bó ṣe rí kámẹ́rà, ó gbé àpótí rẹ̀, ó fẹ́ wọlé.

"Ẹ̀gbọ́n!" Sagbo ké sí i. "Ẹ má wọlé. Wọ́n á ní ahoro ni."

"Èmi lò ń bá sọ̀rọ̀?"

"Ẹ ṣáà dúró. Ọ̀rọ̀ ọkọ̀ ṣì wà nílẹ̀ o."

"Mo mọ̀."

Dosi gbé àpótí kalẹ̀. Ó yíjú sínú ilé, ó pe ìyàwó rẹ̀. "Olúbísí! Kó àwọn ọmọ jáde!"

Aago kan ti kọjá. Sagbo dúró dè wọ́n.