Dúdú Inú Ìrẹsì

Ihò ló ń yí lójú kọ̀ǹpútà. Ó bẹ̀rẹ̀ lábẹ́ èèpo wóró ìrẹsì, ó ṣe kọ́lọkọ̀lọ lọ síbi tó yẹ kí ìrẹsì ti hù, ó sì gbòòrò níbẹ̀ bíi yàrá. Dùnmínínú fọwọ́ bo ẹnu.

"Àwòrán wo lo tò jọ?" ló bi Adésọjí, tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́ ní yàrá ìwádìí náà ní Adó.

"Èyí tí máíkírósíkóòpù yà gan-an ni. N ò rí èyí tó o tún ṣe."

Èyí tó tún ṣe! Oṣù méjì gbáko ni Dùnmínínú fi jókòó ti àwòrán inú ìrẹsì pẹlẹbẹ pẹlẹbẹ wọ̀nyẹn, kí kọ̀ǹpútà tó tò wọ́n léra di odidi wóró téèyàn lè yí wò tiwájú tẹ̀yìn. Gbogbo dúdú tó bá rí ló ń pa rẹ́. Ìdọ̀tí ló pè é. Ọmọ Ìgbẹ́mọ, ìlú ìrẹsì, ṣá ni. Láti kékeré ni wọ́n ti ń gbé atẹ síwájú rẹ̀ kó ṣa òkúta inú ìrẹsì, bó bá sì fi dúdú kan sílẹ̀, ìgbájú ni. Ọwọ́ rẹ̀ ti mọ́ ọn lára.

Kòkòrò tó ń jobì, inú obì ló ń gbé. Ta ni kò mọ̀ ọ́n? Òun tó kàwé ni. Ó sáré ṣí àwòrán àwọn wóró yòókù bí wọ́n ṣe wà kó tó fọwọ́ kàn wọ́n. Nínú méjìlá, mẹ́sàn-án ló ti dihò.

Irúgbìn bàbá rẹ̀ ni. Lọ́jọ́ Àìkú tó lọ kí wọn nílé, òun ló sọ ọ́ lẹ́nu ara rẹ̀ pé, "Ó mọ́ tónítóní, Bàbá. Ẹ gbìn ín." Wọn ò ní òmíràn. Òní sì ni wọ́n ń gbìn ín.

Fóònù dún títí kí wọ́n tó gbé e.

"Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ dúró! Kòkòrò ti jẹ inú ẹ̀!"



"Ó ku ugbá kan péré ká gbìn ín tán," ni Bàbá wí. "Mo gé wóró kan jẹ lánàá. Lẹ́bú ló kún inú ẹ̀. Mo gé òmíràn, bákan náà ni."

"Kí ló wá dé tẹ́ ẹ fi gbìn ín?"

"Ṣebí ùwọ lo ní ó mọ́. Mo ní bóyá eyín mi ló ti darúgbó."

Dùnmínínú jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, fóònù létí. Eyín wo ló darúgbó? Lọ́jọ́ Àìkú yẹn gan-an, lójú rẹ̀ báyìí, eyín yẹn ni wọ́n fi fọ́ eegun ẹran.