Ẹ̀rọ Géèmù Àdojúdé

Iṣẹ́ ọkùnrin náà ni kí ó máa kọ́ àwọn èèyàn ní mọ́tò wíwà. Ọ̀gá Díẹ̀díẹ̀ ni àwọn akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀ ń pè é, nítorí láti ìgbà tí wọ́n bá ti yí kọ́kọ́rọ́ títí wọn yóò fi pa mọ́tò, ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo tí ń jáde lẹ́nu rẹ̀ nìyẹn. Ó mọ òfin ojú pópó bí ẹní mowó. Àmọ́ àṣírí kan wà tí akẹ́kọ̀ọ́ kankan kò gbọdọ̀ gbọ́: nínú géèmù ìje mọ́tò tí òun àti ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin jọ ń ta ní kékeré, kò borí rí. Ẹ̀gbọ́n yìí kò mọ mọ́tò wà. Kò tilẹ̀ fẹ́ mọ̀ ọ́n.

Láti ìgbà tí ọkọ ẹ̀gbọ́n náà ti kú ló ti wà nílé àbúrò. Á jókòó sí yàrá ẹ̀yìn, á máa ká aṣọ tó ti ká tẹ́lẹ̀. Bí wọ́n bá kí i, á dáhùn; bí wọ́n bá gbé oúnjẹ wá, á dúpẹ́. Gbogbo ilé ń yọ́ rìn, wọ́n ń sọ̀rọ̀ wúyẹ́wúyẹ́ bí ìgbà tí ọmọ ọwọ́ ń sùn nítòsí. Ohun tó wá ń dun Ọ̀gá Díẹ̀díẹ̀ jù ni pé ẹ̀gbọ́n òun kò bú òun mọ́. Obìnrin tí kò lè rí i kó má fi í ṣe yẹ̀yẹ́: lórí bàtà rẹ̀, lórí irun rẹ̀, lórí bó ṣe ń jẹun. Èébú ti tán lẹ́nu rẹ̀ pátápátá. Ẹ̀rù ń ba àbúrò pé bóyá ọkọ nìkan kọ́ ni wọ́n sin.

Ló bá pinnu pé géèmù àtijọ́ ni yóò gba ẹ̀gbọ́n òun là. Bí ọkùnrin tórí rẹ̀ pé ṣe ń ronú nìyẹn. Ó gbé ẹ̀rọ náà sọ̀kalẹ̀ láti orí kọ́bọ́ọ̀dù, ó rí i pé ojú tó fi ń ka sídíì ti fọ́ pátápátá. Ìyẹn kò dà á láàmú. Ó ti gbọ́ pé nǹkan tuntun kan ti dé, bọ́ọ̀dù kékeré tí kò ju àtẹ́lẹwọ́ lọ, tí wọ́n ń fi sí ipò ojú yẹn. Káàdì mẹ́mórì ni wọ́n ń kì bọ̀ ọ́, gbogbo géèmù á sì wà nínú rẹ̀. Ó rà á. Ó wo fídíò bí wọ́n ṣe ń ṣe é lórí fóònù, ó ní kí ló le níbẹ̀.

Lọ́jọ́ Sátidé, ó tẹ́ irinṣẹ́ sórí tábìlì pálọ̀, níbi tí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ kò ti ní ṣàì gbà kọjá. Ìyàwó rẹ̀ ní bó bá bàjẹ́, òun kò sí nílé o. Ó tú ẹ̀rọ náà, nọ́ọ̀tì kan sì yí wọ abẹ́ àga lọ. Ó wo àwòrán, ó wo ẹ̀rọ, ó ki okùn pẹlẹbẹ tó so bọ́ọ̀dù mọ́ ẹ̀rọ bọ̀ ọ́, ó tan tẹlifíṣàn. Dúdú. Ó yọ ọ́, ó tún kì í bọ̀ ọ́ bó ṣe wà gan-an. Dúdú. Ó fẹ́ atẹ́gùn sí i lẹ́nu, ó gbá a létí, ó ṣépè fún àwọn tó ṣe é àti àwọn tó tà á. Ìyàwó rẹ̀ bi í láti kíṣìnnì pé ṣé díẹ̀díẹ̀ náà ló fi ń ṣe é. Ó fèsì pé ọjà ayédèrú ni.

Àsìkò yẹn ni ẹ̀gbọ́n jáde wá bomi mu. Ó kọjá, ó dúró, ó padà.

“Kí ló dé tó o fi dojú ẹ̀ délẹ̀?”

Ó ní bó ṣe máa ń wà nìyẹn. Bó ti sọ ọ́ tán ni ó rántí ìdí rẹ̀. Ní kékeré wọn, ojú ẹ̀rọ náà ti ń ṣàárẹ̀, kì í ka sídíì àfi bí wọ́n bá dojú rẹ̀ délẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n lò ó fọ́dún gbọọrọ, débi pé nínú ilé wọn, ikùn ẹ̀rọ ni wọ́n ń pè ní orí, ikùn yìí náà ni bàbá wọn sì máa ń nù bí eruku bá bò ó. Ọ̀gá Díẹ̀díẹ̀ kò mọ òmíràn. Ó dojú ẹ̀rọ délẹ̀, ó ń wo àwòrán ẹ̀rọ tó dúró dáadáa, ó sì ki okùn bọ̀ ọ́ lódìlódì.

Ẹ̀gbọ́n kò rẹ́rìn-ín. Ó jókòó, ó yí ẹ̀rọ sójú rere, ó yọ okùn, ó yí i padà, ó tún kì í bọ̀ ọ́. Iná tàn. Àwòrán náà mọ́ gaara débi pé wọ́n wá rí i pé mọ́tò tí wọ́n máa ń torí ẹ̀ jà látijọ́ burẹ́wà.

Wọ́n mú páàdì, wọ́n bẹ̀rẹ̀ ìje. Ọwọ́ ẹ̀gbọ́n ti le díẹ̀, fún ìgbà àkọ́kọ́ láyé ni àbúrò sì wà níwájú. Nígbà tó kù dẹ̀dẹ̀ kí ó parí, àánú ṣe é. Ó dẹ ọwọ́, ẹ̀gbọ́n kọjá lára rẹ̀. Àmọ́ kàkà kí ẹ̀gbọ́n parí ìje, ńṣe ló gbé páàdì kalẹ̀.

“O dúró dè mí.”

Ó ní ọwọ́ òun ló yọ̀.

“Má purọ́ fún mi. Látìgbà tó ti kú, gbogbo yín lẹ ń rọra bá mi sọ̀rọ̀. Ọmọ mi tó máa ń bá mi jiyàn, kò jiyàn mọ́. Mo bu iyọ̀ jù sọ́bẹ̀ lọ́jọ́sí, ìyàwó ẹ ní ó dùn. Ọkọ mi kú, mo gbà. Ṣé èmi náà kú ni?”

Ojú tì í gan-an. Ó ní, “Ẹ má bínú. Ẹ jẹ́ ká tún un sá. Mi ò ní dúró dè yín.”

Lọ́tẹ̀ yìí, gbogbo agbára tí Ọlọ́run fún un ló lò. Ó gé ètè jẹ, ó ń fì sọ́tùn-ún, ó ń fì sósì lórí àga. Ní kọ́nà kejì, ó kọ lu ògiri. Ó jáde níbẹ̀, ó kọ lu òmíràn, ó wá ń sá padà síbi tí wọ́n ti bẹ̀rẹ̀. Òun ló ṣe ìkẹyìn, lẹ́yìn ẹ̀gbọ́n, lẹ́yìn mọ́tò tí ẹnikẹ́ni kò wà. Kò sí àánú kankan níbẹ̀. Bí agbára rẹ̀ ṣe mọ gan-an nìyẹn.

Ẹ̀gbọ́n wo tẹlifíṣàn, ó wo àbúrò rẹ̀.

“Ìwọ yìí ni wọ́n ní kó máa kọ́ ọmọ ọlọ́mọ ní mọ́tò? Ṣé ìjọba ò tíì gbọ́ ni?”

Ẹ̀rín bú sí i lẹ́nu. Ó rín in títí tí ìyàwó ilé fi sáré jáde láti kíṣìnnì. Inú àbúrò dùn bí ẹni tí wọ́n fi joyè. Ẹ̀rín náà ń lọ, èjìká ẹ̀gbọ́n ń mì, kò sì pẹ́ tí wọ́n fi rí i pé ẹkún ló ti dà.

Ìyàwó fọwọ́ lé àyà, ó ti ń rẹ ohùn sílẹ̀. Ọ̀gá Díẹ̀díẹ̀ náà ti ní “ẹ pẹ̀lẹ́” lọ́nà ọ̀fun. Ó gbé e mì. Ó mú páàdì ẹ̀gbọ́n rẹ̀, ó gbé e lé e lẹ́sẹ̀, ó sì la ohùn dáadáa.

“Bí a bá ń sunkún, à á máa ríran. Ẹ mú páàdì yín, mo ti ń lọ.”

Ó tẹ bọ́tìnì. Kò dúró dè é.