Ọ̀rọ̀ Rédíò Nìkan

Òfin kan ṣoṣo ló wà nínú ẹgbẹ́ wasáàpù tí Alàájì Sànúsí dá sílẹ̀ fún àwọn tó fẹ́ràn rédíò: ọ̀rọ̀ rédíò nìkan. Kò sí ẹ káàárọ̀, kò sí ẹ kú ọjọ́ Jímọ̀, kò sí àdúrà tí wọ́n ti fi ránṣẹ́ yíká ayé, kò sí òṣèlú. Ẹni tó bá gbọ́ ilé-iṣẹ́ rédíò ọ̀nà jíjìn lórí ṣọ́ọ̀tì-wéèfù, kó sọ ọ́. Ẹni tí ẹ́ríàlì rẹ̀ kò bá gbé ohùn dáadáa, kó béèrè. "Ẹni tí ìyá rẹ̀ kú," Sànúsí fẹ́ràn láti máa sọ, "kó lọ sọ fún mọ̀lẹ́bí rẹ̀." Ẹ gbọ́ ná, Yorùbá tó ní kí Yorùbá ẹgbẹ́ rẹ̀ má kí òun, ṣé onítọ̀hún ò le?

Ṣùgbọ́n ó ní ohun tí ojú rẹ̀ ti rí. Ẹgbẹ́ tó kọ́kọ́ wà, ọ̀rọ̀ ìbò ló tú u ká. Àwọn tí wọ́n jọ ń kọ́ ara wọn ní bí a ṣe ń ta ẹ́ríàlì mọ́ orí òrùlé wá ń bú ìyá ara wọn lójú gbogbo ayé. Sànúsí búra pé irú rẹ̀ kò ní í ṣẹlẹ̀ mọ́. Wáyà àti sọ́kẹ́ẹ̀tì ló ń tà ní Òkè Baálẹ̀ ní Òṣogbo, ó sì fi Waliyullah, ọ̀dọ́kùnrin tó ń tún fóònù ṣe ní ṣọ́ọ̀bù ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, ṣe ádímìn kejì. Ó kọ́ ọ dáadáa. "Ohunkóhun tí kì í bá ṣe rédíò, pa á rẹ́. Má wo ojú ẹni tó sọ ọ́, má sì béèrè ìdí."

Kò sí ẹni tó pa òfin yìí mọ́ tó Nehemiah. Iperindo nílẹ̀ Ìjẹ̀ṣà ló ń gbé, àgbẹ̀ tó ní oko kòkó, ọmọ ìjọ Áńgílíkà. Kò sẹ́ni tó mọ ojú rẹ̀ nínú ẹgbẹ́, ohùn rẹ̀ nìkan ni wọ́n mọ̀, torí kì í fẹ́ tẹ ọ̀rọ̀ lórí fóònù, ohùn ló máa ń fi ránṣẹ́ láràárọ̀: ohùn tó wúwo, tó ń lọ jẹ́jẹ́ bí ẹni tó ru omi. Á sọ ilé-iṣẹ́ tó gbọ́, á sọ bí ohùn wọn ti mọ́ sí, á sì dákẹ́. Sànúsí a máa fi í ṣe àpẹẹrẹ fún àwọn tó kù.

Àfi ọjọ́ tí Nehemiah béèrè ìbéèrè kan. "Mo fẹ́ wé wáyà bàbà bí òrùka ńlá, kí n so ó mọ́ rédíò kékeré, kí rédíò náà lè máa han tí mo bá gbé e kọjá lórí irin tó wà nínú ilẹ̀. Ìgbà mélòó ni kí n wé e yíká?"

Sànúsí tún ohùn náà gbọ́. Ìbéèrè rédíò ni, kò sí àníàní. Ẹ̀rọ tó ń wá irin lábẹ́ ilẹ̀, ọmọ ìyá rédíò ni. Ṣùgbọ́n Iperindo! Ta ni kò mọ ohun tó wà nínú ilẹ̀ Iperindo? Ibi tí àwọn tó ń wa wúrà ti ń gbẹ́ kòtò ká oko olóko, tí agbófinró ń lé wọn kiri. Irin wo ni àgbẹ̀ ń wá nínú ilẹ̀, bí kì í bá ṣe irin tó ń dán? Ìjẹ̀ṣà tí kò rídìí iṣáná, tó jẹ́ pé ilé ló ti ń múná roko, ṣé òun ni yóò wá máa fi wáyà bàbà ṣeré? Ìfura loògùn àgbà. Bí wọ́n bá mú ọkùnrin yìí lọ́la, tó ní inú ẹgbẹ́ rédíò ni òun ti kọ́ ọ, ta ni wọn yóò wá gbé? Ádímìn ni.

Ó kọ ọ́ sínú ẹgbẹ́ pé: "Kí lẹ ń wá nínú ilẹ̀?"

"Ádímìn, ìyẹn kì í ṣe ọ̀rọ̀ rédíò," ni ohùn jẹ́jẹ́ náà wí. "Ẹ ní ká má mú irú rẹ̀ wá síbí. Iye ìgbà tí màá wé wáyà ni mo béèrè."

Èsì yìí ló wá bà á jẹ́ pátápátá. Ẹni tọ́wọ́ rẹ̀ mọ́ kì í fi òfin bojú, èrò Sànúsí nìyẹn. Ó pa ìbéèrè rẹ́, ó pa èsì rẹ́, ó sì yọ Nehemiah kúrò nínú ẹgbẹ́. Nígbà tí Waliyullah fi ojú bi í ní ṣọ́ọ̀bù, ó ní ọkùnrin náà ti kúrò lórí ọ̀rọ̀. Irọ́ ni. Nínú gbogbo wọn lọ́jọ́ náà, Nehemiah nìkan ló dúró lórí ọ̀rọ̀.

Ìfura Sànúsí kò tán síbẹ̀. Láràárọ̀ tó bá ṣí fóònù, tí kò gbọ́ ohùn yẹn, á máa rò ó pé ibo ni ọkùnrin náà wà báyìí, kí ló ń gbẹ́, ta ló ń bá a gbẹ́ ẹ? Ìgbà tí ẹnì kan láti Itagunmodi, ìlú mìíràn tí wọ́n ti ń wa wúrà, béèrè nípa bátìrì nínú ẹgbẹ́, ó fura sí ìyẹn náà.

Ó tó ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lẹ́yìn náà tí bàbá kan wọ ṣọ́ọ̀bù rẹ̀. Ó dàgbà jù ú lọ díẹ̀, amọ̀ pupa gbẹ mọ́ bàtà rẹ̀. "Ẹ kú ọjà o. Ẹ bá mi wá wáyà bàbà tín-ín-rín, èyí tí wọ́n fi ń wé inú fáànù."

Sànúsí gbójú sókè. Ohùn yẹn! Kò ṣe bí ẹni tó mọ̀ ọ́n. Ó ń wọn wáyà, ojú rẹ̀ ń bẹ lára bàtà. Ta ni kò mọ amọ̀ inú kòtò?

"Iṣẹ́ ńlá lẹ fẹ́ ṣe yìí, bàbá."

"Uṣẹ́ ulé ni."

"Apá ibo nilé ọ̀hún wà?"

"Ọ̀nà Iléṣà." Ó sanwó láìnájà rárá, ó sì jáde. Ìjẹ̀ṣà tí kò nájà! Sànúsí ní ó ti parí, wúrà ti wà nílẹ̀.

Lọ́jọ́ Sátidé, ó sọ fún ìyàwó rẹ̀, Fàtímọ̀, pé òun fẹ́ lọ kí ọ̀rẹ́ òun kan lápá Iléṣà.

"Ọ̀rẹ́ wo, Alàájì?" Fàtímọ̀ bú sẹ́rìn-ín. "Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ní kẹ́nikẹ́ni má kí yín!"

Sànúsí sọ fún ara rẹ̀ pé nítorí ẹgbẹ́ ni òun ṣe ń lọ, kí orúkọ wọn má bàa bàjẹ́. Ẹ jẹ́ ká má tan ara wa jẹ: inú rẹ̀ lọ́hùn-ún ń béèrè bí wúrà náà ti pọ̀ tó.

Ní Iperindo, ọlọ́kadà tó bi léèrè mọ Nehemiah dáadáa. Ó ní bàbá náà kò kúrò ní abà wọn àtijọ́ látìgbà tí àwọn tó ń wa wúrà ti débẹ̀, pé ilẹ̀ ló ń wò ṣáá. Sànúsí mi orí. Ó sọ̀ kalẹ̀ lókèèrè, ó sì fẹsẹ̀ rìn wọ inú oko bí olè.

Nehemiah ló rí lórí òkìtì amọ̀ pupa. Ó di òrùka wáyà mọ́ ìdí igi gígùn kan, ó so rédíò kékeré mọ́ òkè rẹ̀, ó ń gbé e lọ gbé e bọ̀ lórí ilẹ̀. Kòtò jíjìn kan wà lẹ́yìn rẹ̀, ohùn àwọn ọkùnrin àti ariwo ẹ̀rọ tó ń fa omi ń jáde láti inú rẹ̀. Gbogbo rẹ̀ rí gẹ́lẹ́ bí Sànúsí ti rò ó.

"Ẹ kú iṣẹ́, Nehemiah," ló wí. "Èmi ni ádímìn."

Nehemiah yíjú padà. "Ẹ̀yin lẹ ta wáyà fún mi."

"Èmi ni. Ojú lọ̀rọ̀ wà. Ẹ wò mí lójú, kẹ́ ẹ sọ ohun tẹ́ ẹ̀ ń wá."

Bàbá náà fi igi náà lélẹ̀. "Ṣé mo lè sọ ọ́ wàyí? Ṣé a ò sí nínú ẹgbẹ́?"

"A ò sí nínú ẹgbẹ́."

"Yèyé mi ni mò ń wá."

Ibi tí wọ́n dúró sí yìí ni ilé abà wọn wà nígbà tí Nehemiah ṣì kéré. Ibẹ̀ ni ìyá rẹ̀, Julianah, kú sí lásìkò òjò, nígbà tí omi gbé afárá lọ tí wọn ò lè gbé òkú dé ìlú. Ẹ̀yìn ilé ni wọ́n sin ín sí. Kò sí sìmẹ́ńtì. Irin ìgbèrí bẹ́ẹ̀dì tí obìnrin náà ń sùn sí ni bàbá rẹ̀ yọ, tó rì í mọ́lẹ̀ síbi orí sàréè kó má bàa sọnù. Ilé wó, bàbá kú, igbó bo ibẹ̀, ṣùgbọ́n igi obì kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ sàréè tí Nehemiah fi ń mọ̀ ọ́n. Àwọn tó ń wa wúrà dé, wọ́n gé igi obì, wọ́n sì da amọ̀ kòtò bo gbogbo ilẹ̀ náà.

"Mo bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n má gbẹ́ ẹ dé ọ̀dọ̀ yèyé mi. Wọ́n ní kí n fi ibẹ̀ hàn wọ́n. N kò rí ohun tí màá fi hàn. Bí mo bá rí irin bẹ́ẹ̀dì náà, màá gbé yèyé mi lọ sí ilẹ̀ ìsìnkú ṣọ́ọ̀ṣì kí kòtò tó dé bẹ̀."

"Kí ló dé tẹ́ ẹ ò sọ fún wa?"

"Ẹ ní ẹni tí ìyá rẹ̀ kú, kó lọ sọ fún mọ̀lẹ́bí."

Kò sọ ọ́ bí ẹni tó ń dùn ún. Ìyẹn ló jẹ́ kó dun Sànúsí. Ohun tó ń dunni ní í pọ̀ lọ́rọ̀ ẹni, ṣùgbọ́n ó ti dí ọkùnrin yìí lẹ́nu, ó sì tún fi ẹnu dídí náà pè é lólè. Ojú tì í. Kò mọ bí wọ́n ti ń bẹ̀bẹ̀ fún irú èyí, ló bá mú òrùka wáyà náà, ó yẹ̀ ẹ́ wò. "Wíwé yìí ò tó," ló wí. "Ẹ jẹ́ ká fi kún un."

Wọ́n jókòó sórí amọ̀, wọ́n jọ ń wé wáyà. Nígbà tí wọ́n dìde, Nehemiah tún bẹ̀rẹ̀ sí í gbé e káàkiri. Ó dé etí kòtò gan-an kí rédíò tó han. Ó han gooro, ó dún wọnú igbó.

Ariwo inú kòtò dákẹ́. Àwọn ọkùnrin gun òkè wá pẹ̀lú ṣọ́bìrì wọn. "Bàbá ti rí i o!"

"Ẹ dúró!" Sànúsí na ọwọ́ méjèèjì. "Sàréè ìyá wọn ni!"

Ọ̀gá wọn, ọkùnrin taagun kan tó dé fìlà onírun, rẹ́rìn-ín. "Ó ti sọ bẹ́ẹ̀ fún wa rí. Alàájì, ẹni tó bá fẹ́ fi wúrà pamọ́ níbí, sàréè ló ń pè é. Àgbàlagbà tọ́wọ́ rẹ̀ mọ́, kí ló ń fi rédíò wá nínú ilẹ̀?"

Ọ̀rọ̀ Sànúsí gan-an ni ọkùnrin náà ń sọ.

Ọ̀gá náà ki ṣọ́bìrì bọlẹ̀. Ó kan irin. Ó fà á títí ó fi jáde: ìgbèrí bẹ́ẹ̀dì, ó ti dípẹtà, ṣùgbọ́n irin roboto tó wà lókè rẹ̀ ṣì wà níbẹ̀. Ọkùnrin náà rọra fi í lélẹ̀. Nehemiah kúnlẹ̀, ó fi ọwọ́ méjèèjì gbá irin náà mọ́ra. "Yèyé mi o," ló ń wí, ó ń sunkún bí ọmọdé. Àwọn ọkùnrin náà ṣí fìlà lọ́kọ̀ọ̀kan.

Sànúsí wá rí ohun tí kò sẹ́ni tó fẹ́ sọ. Etí kòtò gan-an ni irin náà ti jáde. Orí sàréè ló wà níhìn-ín. Ìyókù rẹ̀ ti bá kòtò lọ.

"Ìgbà wo lẹ gbẹ́ ẹ débí?" ló fi ohùn kékeré béèrè.

"Kò tíì pé ọ̀sẹ̀ méjì, Alàájì. A ò mọ̀. Ọlọ́run rí wa."

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ti kọjá tí Nehemiah ti béèrè iye ìgbà tí òun yóò wé wáyà. Sànúsí jókòó sílẹ̀ níbi tó wà, ó sì sunkún.

Àwọn ọkùnrin náà kò padà sẹ́nu iṣẹ́ lọ́jọ́ yẹn. Wọ́n kó àwọn amọ̀ tí wọ́n ti dà nù, wọ́n sì fi àwo tí wọ́n fi ń fọ wúrà fọ̀ ọ́ díẹ̀díẹ̀, wọ́n ń wá egungun Julianah nínú rẹ̀. Wọn ò rí gbogbo rẹ̀. Èyí tí wọ́n rí, Nehemiah fi aṣọ funfun wé e. Lọ́jọ́ Sátidé tó tẹ̀ lé e, wọ́n sin ín sí ilẹ̀ ìsìnkú ṣọ́ọ̀ṣì, wọ́n sì ri irin bẹ́ẹ̀dì náà síbi orí rẹ̀. Sànúsí wà níbẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin.

Nínú ọkọ̀ tó ń gbé e padà sí Òṣogbo, ó dá Nehemiah padà sínú ẹgbẹ́. Ó wá kọ ọ̀rọ̀ gígùn: pé kí gbogbo ẹgbẹ́ bá òun kí Nehemiah kú àṣẹ̀yìndè ìyá rẹ̀, pé ìbéèrè rẹ̀ kò kúrò lórí ọ̀rọ̀, òun Sànúsí ló fura sí i láìnídìí, pé òun ló fà á tí wọn ò fi rí ìyá rẹ̀ sin tán, pé kó dákun, kó dárí ji òun. Ó fi í ránṣẹ́, ó nu ojú rẹ̀.

Kí wọ́n tó wọ Òṣogbo, ó ṣí fóònù láti wo ohun tí àwọn ènìyàn sọ. Ọ̀rọ̀ náà kò sí níbẹ̀ mọ́. Waliyullah ti kọ ọ́ síbẹ̀ pé: "Ẹ má bínú o, Alàájì, bóyá ẹ ṣì í fi ránṣẹ́ síbí ni. Ọ̀rọ̀ rédíò nìkan."

Inú kò bí Sànúsí. Ọmọ náà kò wo ojú ẹni tó sọ ọ́, kò sì béèrè ìdí. Òun ló kọ́ ọ.